Okùn Inú Eegun Ẹ̀yìn Kò Dé Ìsàlẹ̀

                                        Ojúlé Kẹfà, Àjà Kejì,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Alágídí mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà wọ́n fún ọ, bóyá ọkàn mi yóò fúyẹ́. Àgbá omi tó wà lórí òrùlé wa, tó dá mi lójú pé ó ń tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Gáàsì ilé ìdáná, tí mo máa ń dìde lọ tún pa lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti pa á. Ògiri aládùúgbò wa tó sán láti òkè dé ilẹ̀. Eyín mi kan tó ń mì, tí kò já, tí kò sì dúró. Àtẹ̀gùn ilé yìí, tí kò ní irin ìdìmú mọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí, ará ilé ni wọ́n, mo ti mọ bí a ṣe ń bá wọn gbé. Èyí tó wá lé oorun lọ pátápátá ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ.

Ara ńkọ́? Ìgbáròkó náà ńkọ́? Ṣé ikọ́ fée ti rọlẹ̀, àbí eruku aṣọ ṣì ń jí i? Ṣé ọmọ rẹ ń fún ọ ní oògùn lákòókò, ṣé ìwọ náà sì ń gbà á láìbá a jà? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ṣì wà, àbí o ti jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ bò ó? Má jẹ́ kí wọ́n bò ó o. Àwa níbí kò burú. Ìyàwó mi ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò wú, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù, tó jẹ́ lẹ́tà ni mo jókòó kọ. Bí mo bá pè, wàá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà kò ṣeé dá mọ́ lẹ́nu. Awakọ̀ tó ń gbé ẹrù wá sí ọ̀dọ̀ yín yóò mú un dé lọ́la. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí mo ti rí ohun kan tó mú inú mi dùn.

Ọmọ rẹ ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ṣàlàyé bí dókítà ṣe sọ pé oríkèé ìgbáròkó rẹ ti jẹ tán, pé eegun ló ń ha eegun níbẹ̀, pé wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò sì fi tuntun sí i. Ó ní nítorí ikọ́ fée rẹ, wọn kò fẹ́ fún ọ ní oògùn oorun tó ń gbé ènìyàn lọ pátápátá. Abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fẹ́ fún ọ ní ẹ̀yìn, tí ara rẹ yóò fi kú láti ìbàdí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, tí ojú rẹ yóò sì là sílẹ̀. Ó ní o gba gbogbo rẹ̀ àfi abẹ́rẹ́ yìí. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì fún ọ ló ní ẹni tí abẹ́rẹ́ bá kan okùn inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó parí, gbígbé ni wọn yóò máa gbé e kiri. Ìwọ náà wá wo ojú dókítà, o ní, "Mo ṣì ń rìn díẹ̀. Díẹ̀ sàn ju kò sí lọ." Wọ́n ti fún ọ títí di ọjọ́ Ẹtì láti fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé díẹ̀ tí ò ń rìn yẹn náà kò ní pẹ́ tán.

Ọmọ rẹ rò pé màá pariwo, pé màá bá a fi ọ̀rọ̀ gún ọ lára. Mo kàn ní kó kí ọ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù tó ń bà ọ́ kò tó ìdá mẹ́wàá èyí tó ń bà mí.

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Abẹ́ ilẹ̀ ni mo lo agbára mi sí, níbi tí a ti ń so kébù tẹlifóònù pọ̀. Nínú iṣẹ́ wa, òfin kan wà tí ọ̀gá kì í sọ lẹ́ẹ̀mejì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ páìpù tí kébù bá wà nínú rẹ̀. Ibi yòówù kí o gún, kébù lo gún, nítorí bí páìpù bá ṣe gùn tó ni kébù ṣe gùn tó. Nígbàkigbà tí mo bá wá fojú inú wo ẹ̀yìn rẹ, páìpù ni mo ń rí. Màá rí dókítà tó gbé irin dání, òógùn á sì bò mí.

Bí mo ṣe wà nínú rẹ̀ nìyẹn tí ìyàwó ọmọ mi àgbà fi wá kí wa. O rántí pé òun ló ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara. Mo tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tú àpò. Kò bá mi jiyàn. Ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní kí n wá bá òun nínú yàrá ẹ̀kọ́ òun. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè wo adìyẹ tí wọ́n ń kun, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ wo inú ènìyàn?" Mo ní ọ̀rọ̀ àbúrò ẹni ju ìríra lọ. Ó ní ó dáa, kí n má gbàgbé aṣọ ìnujú.

Mo lọ. Mo mú àjákù kébù àtijọ́ yẹn dání, èyí tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ẹ̀rù mi kí ó yé wọn. Yàrá náà gùn, ó tutù, ó ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Eegun ènìyàn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí wọ́n fi ike ṣe, rọ̀ sórí ìkọ́ lẹ́bàá pátákó ìkọ̀wé. Aláwàdà kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi fìlà dé e lórí. Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ìkọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò, bóyá ó lè gbé e.

Ìyàwó ọmọ mi sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bàbá ọkọ òun nìyí, pé mo ní ìbéèrè. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n fi sàmì sára eegun ike náà níbi tí mo rò pé wọn yóò ti gún àbúrò mi. Mo sàmì sí agbede méjì ẹ̀yìn. Ó mi orí. Ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí eegun ìgbáròkó, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí n fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Ìlà náà bọ́ sí ìsàlẹ̀ gan-an, ó kù díẹ̀ kó dé ìdí. Ó ní ibẹ̀ ni, pé bí dókítà ṣe ń wá a pẹ̀lú àtàǹpàkò nìyẹn.

Ó wá mú mi dé ìdí ère ike mìíràn lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn sí lẹ́yìn. Ó ṣí i. Okùn náà wà nínú ihò eegun, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Mo fi ìka tẹ̀lé e láti ọrùn, mo gba àárín èjìká, mo ń sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe kọjá eegun ìhà tó kẹ́yìn díẹ̀ báyìí, okùn tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu pẹ́ńsù, ó tán. Páìpù ṣì ń lọ. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ lọ.

Ọmọ ìyá mi, ojú tì mí fún ìyàwó ọmọ mi. Mo rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbọ́. Mo ní, "Ìyàwó wa, wọ́n ti gé kébù yín níbí. Olè ti wọlé."

Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ yẹn rín, ọ̀kan nínú wọn di tábìlì mú kó má baà ṣubú. O mọ̀ pé bí àwọn olè ṣe ń gé kébù wa lóru láti lọ tà á náà nìyẹn, ihò ni a ó bá lówùúrọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ rò? Ìyàwó ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "Kò sí olè, Bàbá. Ibi tí okùn parí sí nìyẹn. Bó ṣe rí nínú yín náà nìyẹn."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n páìpù ṣì ń lọ."

Ó ní, "Páìpù ń lọ. Okùn ti dúró."

Ó rí i pé ike kò tó fún mi, ló bá lọ gbé ìgò kan wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń tì. Òótọ́ ni ti inú ìgò yẹn. Ẹnì kan ló fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú, pé kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo ṣí fìlà. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, mo kàn ní kó ṣeun.

Bí mo bá na apá mi, láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka àárín, kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò nípọn ju ìka ọmọńdinrín mi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àbẹ́là tó ti pẹ́ nínú àpótí. Ṣé nǹkan báyìí ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò kébù tí mo sì gòkè padà? Ṣé òun ló wà nídìí gbogbo bàtà ẹ̀rọ ìránṣọ tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ láti kékeré? Ó wú níbi méjì, lókè àti nísàlẹ̀. Kí olùkọ́ tó lanu ni mo ti sọ ọ́: kébù wa náà máa ń nípọn níbi tí ilé bá ti pọ̀. Ó ní òótọ́ ni, pé ibi tí iṣan ọwọ́ ti ń jáde ni ti òkè, ibi tí ti ẹsẹ̀ ti ń jáde ni ti ìsàlẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo so ó.

Ó fi àwòrán bí inú rẹ̀ ṣe rí hàn mí, bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì. Labalábá wà níbẹ̀! Labalábá aláwọ̀ eérú, tó na ìyẹ́ sílẹ̀ láàárín funfun. Láti ìyẹ́ iwájú ni iṣan tó ń gbé àṣẹ lọ ti ń jáde: gbé ẹsẹ̀, di ọwọ́. Láti ìyẹ́ ẹ̀yìn ni èyí tó ń gbé ìròyìn bọ̀ ti ń wọlé: ó gbóná, ó ń dunni. Wọ́n á so pọ̀ kí wọ́n tó gba àárín eegun jáde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, méjì méjì lọ́nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo gbé àjákù kébù mi sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, a sì jọ ń wò wọ́n. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni omi. Omi ni ọ̀tá kébù, bí ẹ̀kán rẹ̀ bá wọlé, àdúgbò kan ti dákẹ́ nìyẹn. Okùn yìí, omi ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Awọ mẹ́ta ló bò ó, omi wà láàárín wọn, òun ni kì í jẹ́ kó forí gbá eegun.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n jókòó, kí n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó fi òòlù rọ́bà gbá mi lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ mi sì fò, díẹ̀ ló kù kó ta ọmọbìnrin kan nípàá. Ó ní okùn yẹn ló dáhùn fúnra rẹ̀, kò dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọpọlọ. Ìwọ ni mo rántí. Ìwọ náà kì í dúró kí ìbéèrè parí kí o tó fèsì.

Mo wá bi í léèrè ohun tó kàn mí jù: ta ló ṣe okùn tí kò kún páìpù? Ó ní nígbà tí ọmọ ṣì kéré gan-an nínú oyún, ọ̀kan náà ni wọ́n gùn. Eegun wá ń dàgbà lọ, okùn kò lè sáré bá a. Ṣùgbọ́n iṣan kọ̀ọ̀kan ti mọ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kò ní fi í sílẹ̀, ńṣe ló ń fà gùn tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́nrán wọ̀nyẹn fi wà níbẹ̀, àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n ní ìrù ẹṣin. Mo ti rí páìpù tó fọ́, mo ti rí èyí tí gbòǹgbò igi wọ̀, mo ti rí èyí tí ejò sùn sí. N kò rí páìpù tó dàgbà rí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í láti ọjọ́ yìí wá.

O mọ̀ mí, n kò lè jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mo ní, "Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yóò gún àwọn fọ́nrán náà." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kà á, wọ́n ní gbogbo ìbéèrè mi ló fi ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti sọ mí ní Bàbá Ṣùgbọ́n. Ìyàwó ọmọ mi dìde. Ó bu omi sínú abọ́, ó so òwú ìránṣọ bíi mélòó kan mọ́ igi kékeré kan, ó jẹ́ kí wọ́n léfòó. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ gún ọ̀kan fún mi, Bàbá."

Àbúrò mi, mo gún un tì. Bí abẹ́rẹ́ bá ti súnmọ́ ọn, òwú á yà fún un bí ẹni yà fún àgbà lọ́nà. Mo mú un láti ẹ̀gbẹ́, ó yà. Mo fi ìbínú gún un, ó yà, omi ta sí mi lójú. Mo wà nídìí rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro mí. Ó ní bí iṣan wọ̀nyẹn ṣe ń ṣe nínú omi wọn gan-an nìyẹn, pé oògùn náà á kàn ní kí wọ́n dákẹ́ ná, tí agbára rẹ̀ bá sì tán, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀.

Kò tàn mí, èmi náà kò ní tàn ọ́. Ó ní orí lè fọ́ni lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn lè ro ènìyàn. Ó ní ewu tó ju bẹ́ẹ̀ lọ wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àti pé kí o bi dókítà rẹ léèrè gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ. Ó ní okùn ẹlòmíràn máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ìsàlẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó gún. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù, èmi àti ìwọ àti oníbọ́tìnnì, ni pé kí abẹ́rẹ́ bá okùn. Okùn kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí ìyàwó mi yíjú sí ògiri. Mo wọn ìgbáròkó rẹ̀, mo fa ìlà, mo fi àtàǹpàkò wá àlàfo àárín eegun méjì, mo sì rí i. Ó ní bí mo bá mú abẹ́rẹ́ dání, kí n sọ kíá kó lè mọ ibi tó máa gbà sá.

Nǹkan kan ló kù. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n á ní kó tẹ ẹ̀yìn kọ bí ológbò tí ajá ká mọ́ igun ilé, kó fi àgbọ̀n kan àyà, kí àárín eegun lè là. Ẹnì kan á dúró níwájú rẹ̀, á di èjìká rẹ̀ mú kó má baà mira. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n jẹ́ ẹni yẹn. Bí wọ́n bá ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá dúró. Àníyàn ni iṣẹ́ mi, mo lè ṣe é níbikíbi.

N kò ní kí o fọwọ́ sí i nítorí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àṣẹ kò ràn ọ́ rí. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí o má tíì fún ilé ìwòsàn lésì títí n ó fi dé. Láti ìgbà tí o ti ga tó tábìlì ni o ti ń lo abẹ́rẹ́ àti òwú. Bí ìwọ bá lè gún òwú tó léfòó nínú omi, màá gbà pé oníbọ́tìnnì ló tọ̀nà, màá padà sílé, n kò sì ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Bí o kò bá lè gún un, kí o fọwọ́ sí i.

Bá mi kí ọmọ rẹ, ó ṣe bí ọmọ. Kí oníbọ́tìnnì náà fún mi, n kò bínú sí i, ó kàn rò bí mo ṣe rò ni. Ní kó wá jókòó tì wá, kó mú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.

O mọ̀ pé n kò wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́ láti ọdún wo, nítorí ìjánu, nítorí táyà, nítorí pé n kò mọ bí awakọ̀ ṣe sùn mọ́jú. Ìyàwó mi ti di ẹrù mi. Bu omi tútù sínú abọ́, gbé e sórí tábìlì ìránṣọ rẹ, kí o yan abẹ́rẹ́ tó mú jù nínú gbogbo tìrẹ. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta yìí, ni mo ń gbéra.

                                        Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ kan náà,
                                        Bàbá Ṣùgbọ́n.